Ẹ Má Fi Kọ̀ǹpútà Gba Sátidé Yìnyín Lọ́wọ́ Wa

 

Ní ìpàdé òbí tó kọjá, ìmọ̀ràn kan wáyé tí ọ̀pọ̀ nínú wa mi orí sí. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, nígbàkígbà tí yìnyín bá ti ilé-ẹ̀kọ́ wa pa ní Sátidé, kí àwọn ọmọ jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé láti aago mẹ́wàá sí aago méjìlá, kí olùkọ́ máa kọ́ wọn láti orí Zoom, kí a sì máa sàmì sí orúkọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. A ó dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó na ọwọ́ sókè. Kì í ṣe pé mo ń kẹ́gàn àwọn olùkọ́ wa o. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn sílẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ kò ní í sọ ọ̀rọ̀ àìdáa sí wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé Sátidé tí yìnyín bá sé wa mọ́lé ni ọjọ́ tí èdè Yorùbá lè rí iṣẹ́ gidi ṣe nínú ilé wa. Bí a bá gbé ọjọ́ náà fún kọ̀ǹpútà, a ti tà á lọ́pọ̀.

Àwa tí à ń gbé Buffalo mọ ohun tí à ń pè ní yìnyín. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń gba orí adágún Erie kọjá láti ìwọ̀-oòrùn nígbà tí omi náà kò tíì dì, á fa ọ̀rinrin mu lórí omi, bó bá sì ti kan ilẹ̀, á dà á lé wa lórí. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi lè máa ràn ní àdúgbò kan, kí àwọn ará àdúgbò kejì máa fi ṣọ́bìrì wá ọ̀nà àtijáde. Ní November 2022, yìnyín bíi 80 ínǹṣì ló bọ́ sí Orchard Park láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oṣù tó tẹ̀ lé e, bí Kérésìmesì ṣe ń wọlé, ìjì yìnyín mìíràn dé tó fi wákàtí 37 jà ní pápákọ̀ òfurufú wa, tí ẹnikẹ́ni kò rí iwájú rẹ̀. Ó lé ní ogójì ènìyàn tó kú ní agbègbè wa. Àwọn kan kú sínú ọkọ̀, àwọn kan sínú ilé tí iná ti lọ, àwọn kan nídìí ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín, torí ọkàn wọn kò gbà á. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo ka yìnyín sí eré. Bí wọ́n bá ní kí ọkọ̀ má jáde, kó má jáde. Kí ẹ sì máa yẹ ihò èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná wò lára ògiri níta, kí yìnyín má dí i pa, torí èéfín tó bá padà sínú ilé lè pa ará ilé lójú oorun.

(Àríyànjiyàn kan ṣì wà láàárín wa lórí orúkọ rẹ̀. Bíbélì Yorùbá pè é ní òjò dídì, ó sì fi yìnyín pe òkúta omi tó ń já lulẹ̀ nígbà òjò, irú èyí tí àwa náà ń ṣa jẹ lọ́mọdé. Nínú ilé tiwa, yìnyín ti borí. Ẹni tó bá fẹ́ òjò dídì, kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà ti fi Yorùbá pè é.)

Ẹ wá jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa bí ilé ṣe máa ń rí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé gbóná, gbogbo ènìyàn wà nílé, oúnjẹ wà lórí iná, síbẹ̀ oníkálùkù wà ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. Ẹ fi etí sí Yorùbá tó ń jáde lẹ́nu àwa àgbà. Wá jẹun. Wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ. Ta ló da omi síbí? Pa iná yẹn. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀! Àṣẹ ni, bí kò bá jẹ́ àṣẹ, ẹjọ́ ni. Ọmọ kò sì nílò ọ̀rọ̀ kankan láti fi dá àṣẹ lóhùn. Tó bá ti wọ ìbọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mo gbà pé ohun tó fà á nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń gbọ́ Yorùbá yékéyéké tí wọn kò sì lè sọ ọ́. Etí wọn níṣẹ́, ẹnu wọn ò níṣẹ́.

Kíláàsì orí kọ̀ǹpútà kò lè wo àrùn yìí. Ẹ rántí bó ṣe rí nígbà kòrónà: ojú àwọn ọmọ nínú fèrèsé kéékèèké, ẹ̀rọ ohùn gbogbo wọn ní pípa, ẹnìkan ń kàwé, àwọn tó kù ń fi ọwọ́ kejì ta géèmù lábẹ́ tábìlì. Ohun tó máa ń mú ọmọ sọ̀rọ̀ ni kí ó ní nǹkan kan tó fẹ́ ṣe, kí ẹnìkan dúró sí iwájú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ yí lọ́kàn padà, kí Yorùbá sì jẹ́ ọ̀nà tó yá jù láti fi ṣe é.

Nínú ilé tiwa, ilé adìẹ ló fún wa nírú àyè yẹn. Ní January 2025, ẹyin ti di ọ̀wọ́n nítorí àrùn tó ń pa adìẹ káàkiri Amẹ́ríkà (kí March tó parí, méjìlá ti di dọ́là mẹ́fà ó lé ní ìpíndọ́gba). Àkọ́bí wa, ọmọ ọdún méjìlá, ní kí a máa sin adìẹ tiwa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ẹ̀yin olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún fún, èyí tó tan ilẹ̀ ká ní Ilé-Ifẹ̀, fẹ́ mọ̀ bóyá tiwa náà á ní ìka márùn-ún. A wá a lọ, a sì rí i pé irú rẹ̀ wà lóòótọ́: adìẹ tí wọ́n ń pè ní Silkie àti Dorking ní ìka márùn-ún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ni ti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó kù. Màmá ọkọ mi, tó wá bá wa láti Ìkìrun ní October, ní òun ò gbọ́ ọ rí pé ènìyàn ń gba ìwé àṣẹ kó tó sin adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, láti 2009 ni ìlú Buffalo ti fàyè gba adìẹ abo márùn-ún fún ilé tó bá gbàwé àṣẹ. Àkùkọ nìkan ni wọn kò gbà, torí ariwo. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi ń fi èyí rẹ́rìn-ín. “Agbo adìẹ tí kò lákùkọ! Ta ni yóò máa jí wọn?”

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a ò dúró de ìgbà ooru. Ilẹ̀ ti le bí òkúta lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ ihò òpó. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ni a wà nílé. Nígbà ooru, bọ́ọ̀lù àti ayẹyẹ ló ni àwọn ọmọ, iṣẹ́ ló sì ni àwa. Nítorí náà, inú gáréèjì ni a ti kan ilé náà pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, ògiri kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a lè gbé e jáde ní ẹyọ ẹyọ tí yìnyín bá yọ́, ká wá dè é pọ̀ níta.

Ọ̀rọ̀ òǹkà ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Àyè ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn àti méjì ní ìbú ló tọ́ sí adìẹ kan nínú ilé; fún márùn-ún, ó di ilé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún. Àwọn ọmọ wa lè ka ení, èjì, ẹ̀ta dé àádọ́ta láìmí, bí ẹ ṣe kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wọn ní, “Gé pákó yẹn ní ínǹṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta,” àkọ́bí dúró, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e lé. Bàbá rẹ̀ fa tépù yọ, ó fi ìka lé àádọ́ta, ó sì fi ìka náà rìn padà sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmọ náà pariwo: “Ó ń yọ ọ́ kúrò!” Ó ti ń pe mẹ́rìndínláàádọ́ta láti ọdún yìí wá, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sọ bí a ṣe ṣírò rẹ̀. Orí tépù ló ti rí i. Láti ọjọ́ náà ni òun àti àbúrò rẹ̀ ti ń fi òǹkà dán ara wọn wò: márùndínlógójì, mọ́kàndínlógún, ó lé díẹ̀, ó dín ìdajì. Òòlù, ìṣó, ayùn, hínjì, páànù, gbogbo rẹ̀ wọ ẹnu wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sójú pátákó, nítorí ẹni tí kò bá mọ orúkọ rẹ̀ kò ní í rí i gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà ihò afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí òun gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa adìẹ nílẹ̀ olótùútù ló sọ pé kí a fi ihò sílẹ̀ lókè, lábẹ́ òrùlé, kódà nínú yìnyín. Màmá gbọ́, ó dìde lórí àga. “Ẹ ò ní í fojú mi pa adìẹ o! Yìnyín ń bọ́ níta, ẹ wá ń lu ihò sí ilé?” Màmá kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí ló ka ìwé náà, òun ló sì ní láti dáhùn.

Ó ní, “Màmá, ẹ wò ó, òtútù kọ́ ló ń pa wọ́n. Omi ni.”

“Omi wo?”

“Omi ẹnu wọn.”

“Itọ́?”

“Rárá, Màmá. Èyí tó ń jáde tí ẹ bá ṣe báyìí.” Ó ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì díẹ̀, ó la ẹnu, ó mí hàà, èéfín funfun sì jáde.

“Ìyẹn ni èémí,” ni Màmá wí.

“Èémí! Èémí wọn àti ìgbẹ́ wọn ní omi nínú. Tí kò bá rí ibi gbà jáde, á dì mọ́ nǹkan pupa orí wọn, á sì pa á.”

“Ogbe.”

“Á pa ogbe wọn. Ìyẹ́ wọn ti tó wọn ṣe ẹ̀wù. Kí ara wọn ṣáà ti gbẹ.”

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ihò náà ga ju orí wọn lọ níbi tí wọ́n bá sùn sí, kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ lù wọ́n. Ohun tí ìwé wí gan-an nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kà á fún un. Àgò ni wọ́n fi ń dé adìẹ nílé bàbá rẹ̀, àgò sì ní ihò yíká, ó mọ̀ pé adìẹ ń mí.

Ẹ̀yin òbí, kò sí ìwé iṣẹ́ àmúrelé tó lè mú ọmọ ọdún méjìlá sọ irú Yorùbá yẹn. Kì í ṣe pé ó dùn létí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gún ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó há a sórí fún ayẹyẹ òpin ọdún. Ṣùgbọ́n ó ń jà fún nǹkan kan, ó ń wá ọ̀rọ̀, àgbà sì ń fún un ní ọ̀rọ̀ tó ń wá gẹ́lẹ́ ní ìṣẹ́jú tó nílò rẹ̀. Ogbe ti di tirẹ̀. Kò lè gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Òwe náà wọlé lọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí a ń kan igi tí wọn yóò máa sùn lé, a fi ojú pákó tó fẹ̀ sókè, kí wọ́n lè fi ìyẹ́ bo ìka ẹsẹ̀ wọn kí òtútù má bàa jẹ ẹ́. Màmá ní ó sàn ju okùn lọ, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọmọbìnrin wa béèrè pé kí ló ń dun okùn. A jókòó lé ọ̀rọ̀ yẹn títí tíì fi tutù. Nígbà tí a rí i kà pé a gbọ́dọ̀ máa fún wọn ní òkúta wẹ́wẹ́ nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀, Màmá tún ní adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta mì, ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì? Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, nítorí àpò òkúta náà wà níwájú wọn. Mo ti rí òwe méjèèjì yìí rí nínú ìwé kíláàsì, pẹ̀lú ìtumọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

N kò ní í fi gbogbo iṣẹ́ náà dá yín lágara. Wáyà oníhò ìdajì ínǹṣì ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí fífẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní wáyà adìẹ, torí raccoon máa ń fà á ya. Ẹranko yìí ní ọwọ́ bí ènìyàn, ó ń ṣí ìkọ́ ìlẹ̀kùn. Màmá pè é ní ológbò olè, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ kí òrùlé dà gẹ̀rẹ̀ kí yìnyín lè yọ̀ sílẹ̀. Ẹ má so iná gbígbóná sínú rẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ ti jó ilé adìẹ púpọ̀, ó sì ti mú ilé ènìyàn mọ́ ọn. Ẹni tó bá sì rò pé owó ẹyin ni òun yóò fi dín kù, kó lọ bèèrè iye pákó kó tó bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ilé alájà ni àwọn ń gbé, kò sí gáréèjì, kò sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí ìyá ọkọ láti Ìkìrun. Òótọ́ ni. Adìẹ kọ́ ni mo ń tà. Ẹ lè bó ẹ̀wà fún àkàrà, ẹ lè rán kọ́tìnì tó ti ya, ẹ lè tú irun kí ẹ sì tún un dì, ẹ lè kan pákó ìkówèésí. Kó ṣáà jẹ́ iṣẹ́ tí ilé nílò ní tòótọ́, tí ọmọ lè bá yín jiyàn lórí bí a ṣe máa ṣe é. Bí ìyá àgbà bá wà ní Ìbàdàn, fóònù wà. Ẹ gbé e ka iwájú kí ó máa wò yín, kí ó máa dá sí i. Mo gbà kí a lo ojú fóònù fún ìyẹn.

Èkejì wúwo ju ìyẹn lọ, n kò sì ní í fojú kéré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó. Nígbà tí yìnyín bá dé, àwa ni wọ́n ń dá dúró síbi iṣẹ́ di ọjọ́ kejì, torí ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa kò lè débẹ̀. Ọmọ irú òbí bẹ́ẹ̀ lè wà nílé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan, ta ni yóò bá a kan ilé adìẹ? Fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí olùkọ́ kan ṣí Zoom fún wákàtí kan, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ dandan, kí a má sàmì, kí a má sì pe ọmọ tó ń fi òòlù lu ìṣó lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní ẹni tó sá kíláàsì.

A gbé ilé náà jáde ní April. Ní ìparí May, a ra adìẹ márùn-ún tó ti hu ìyẹ́ tán lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Ẹyin àkọ́kọ́ dé ní September, ó kéré bí ẹyin ẹyẹlé, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Màmá ní Ìkìrun lórí fóònù kí wọ́n tó fi hàn mí. Ní December yìí, ojúmọ́ kò ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ, wọn kò sì yé mọ́. Wákàtí mẹ́rìnlá ìmọ́lẹ̀ ni adìẹ ń fẹ́ kó tó yé dáadáa. Àkọ́bí fẹ́ so gílóòbù sí i fún wọn kí wọ́n lè máa yé, àbúrò rẹ̀ ní kí a jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ìjà náà kò tíì parí, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi jà á, Gẹ̀ẹ́sì sì ń pọ̀ nígbà tí inú bá bí wọn. Èmi wà lẹ́yìn àbúrò.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kọ sílẹ̀ ní ìpàdé nìyí, dípò ìmọ̀ràn ti tẹ́lẹ̀. Bí a bá ti mọ̀ ní Fúráídé pé a ò ní í ṣí, kí olùkọ́ fi iṣẹ́ ilé kan ránṣẹ́ sí òbí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà. Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó sọ ohun tí wọ́n ṣe, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bi í ní ìbéèrè. Kí ó mú nǹkan náà wá bó bá ṣe é gbé. Tiwa ò ṣe é gbé, ṣùgbọ́n ẹyin ṣe é gbé tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Wáyà oníhò kékeré tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ṣì kù nínú gáréèjì wa, àti páànù méjì, àti ìṣó púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá mú un kí yìnyín tó tún ká wa mọ́lé, kó sì mú ọmọ rẹ̀ dání, nítorí àwọn ọmọ mi ni yóò pe iye owó rẹ̀, Yorùbá nìkan ni wọn yóò sì fi ná an.